Ta Ni Ó Jókòó Ti Ọmọ Náà?

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí, a sì máa ń pa á níbi ìsọmọlórúkọ àti níbi ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń fún un lóde òní kò ju owó lọ. Bí a bá ti san owó ilé-ìwé, tí a ra ìwé àti aṣọ, tí a sì wá fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kí ó máa fi kẹ́kọ̀ọ́ nílé, a gbà pé a ti kọ́ ọmọ nìyẹn.

Èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀, n kò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Ọmọ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ nílé kò nílò òbí tí ó mọ ìwé tó bí ó ti nílò àgbàlagbà tí ó jókòó tì í. Ìjókòó yìí ni ó ń mú iṣẹ́ ilé-ìwé rẹ̀ dára. Òun kan náà ni ó sì ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ àwọn ẹni ibi tí ń rìn kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá ya ọ̀kan kúrò lára èkejì yóò pàdánù méjèèjì. Èmi gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù wọn rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé yìí.

Ohun tí ojú mi rí

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà wọ ìlú, ìjọba ti àwọn ilé-ìwé pa jákèjádò Nàìjíríà. Ní ìparí oṣù náà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ní Àbújá àti ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbi tí èmi ń gbé. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa gbé ẹ̀kọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n OGTV, wọ́n pè é ní DigiClass. Àwọn ilé-ìwé aládàáni sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ sórí fóònù.

Ọmọbìnrin mi ń lọ sí ọdún mọ́kànlá nígbà náà, ó sì wà ní kíláàsì kẹfà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé rẹ̀ dá gúrúùpù sílẹ̀ lórí WhatsApp. Ibẹ̀ ni olùkọ́ ń kọ iṣẹ́ sí láràárọ̀. Mo yọ fóònù mi kejì fún un, mo ra dátà sí i, mo ní kí ó wọ yàrá lọ, kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ariwo àwọn àbúrò rẹ̀ má baà dí i lọ́wọ́. Mo rò nínú ọkàn mi pé baba rere ni mí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, dátà tán ṣáájú ọjọ́. Mo jágbe mọ́ ọmọ. Mo ní bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, n óò gba fóònù náà. N kò béèrè ohun tí ó fi dátà ṣe, n kò sì béèrè ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa ní àkókò náà. Màmá kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí ọmọdé dá jókòó sí yàrá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ṣí ilẹ̀kùn wọlé, ó jókòó sí etí ibùsùn, ó ní, “Yèyé mi, kà á sókè kí èmi náà gbọ́ ohun tí tíṣà yín ń wí.” Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún un bí ó ti ń kà á. Nígbà tí ó yá, ó dákẹ́. Màmá ní, “Kí ló dé tí o dákẹ́?” Ó ní, “Kò sí nǹkan, Màmá.” Màmá ní, “Ẹni tí kò sí nǹkan tí ó ṣe é kì í gbọ̀n báyìí.” Ni omijé bá bọ́ lójú ọmọ.

Ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní olùkọ́ tuntun ni ó ti mú nọ́ńbà rẹ̀ nínú gúrúùpù kíláàsì. Ó kọ́kọ́ ń bá a ṣe ìṣirò tí ó le. Lẹ́yìn náà, ó ní kí ó fi àwòrán ara rẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé ránṣẹ́, ọmọ sì fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bi í ní àdúgbò tí a ń gbé. Ní ọjọ́ tí Màmá wọlé yìí, ó ti ń béèrè irú àwòrán mìíràn tí n kò lè dárúkọ síhìn-ín, ó sì fi kún un pé kí ó má ṣe jẹ́ kí ìyá àti baba rẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ọmọ mi ti ń dá ẹrù yìí gbé.

Mo bi í pé kí ni kò jẹ́ kí ó sọ fún mi. Èsì rẹ̀ dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ó ní, “Ẹ ti sọ pé ẹ máa gba fóònù. Bí ẹ bá gbà á, n kò ní lè ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé mọ́.” Mo fi ọ̀rọ̀ náà tó ilé-ìwé àti ọlọ́pàá létí, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tẹ ẹni náà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Èmi tí mo mọ ìwé, tí mo ra dátà, tí mo sì mọ orúkọ gbogbo ohun tí ó wà nínú fóònù, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ mi pẹ̀lú olè. Ìyá mi tí kò mọ ìwé ni ó ṣí i. Kò ju ìjókòó lọ, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: kà á sókè kí n gbọ́.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ ní ohùn

Ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ kò ṣàjèjì sí àwa tí a lọ sí ilé kéwú. Wàláà ni a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, ohùn òkè ni a sì fi ń kà á. Aláfàá lè máa bá àlejò sọ̀rọ̀, síbẹ̀ etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wa. Bí ọmọ kan bá ṣi háráfì kan pè, láti orí ìjókòó rẹ̀ ni yóò ti tún un ṣe. Àwọn ìyá tí ń kọjá lọ sí ọjà ń gbọ́ bí ọmọ wọn ti ń kà. Púpọ̀ nínú wọn kò lè ka ohun tí ó wà lára wàláà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìgbà tí ohùn ọmọ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì mọ ìgbà tí ó dákẹ́.

Fóònù ti gba ohùn lẹ́nu ẹ̀kọ́. Lónìí, ọmọ lè jókòó sí àárín ẹbí fún wákàtí mẹ́ta, kí ojú rẹ̀ wà lórí fóònù, kí ó fi ohun kan dí etí, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ bóyá ìṣirò ni ó ń ṣe tàbí ó ń wo ohun tí ojú àgbà kò gbọdọ̀ rí, kí a má tilẹ̀ sọ ti ọmọdé. Ìdákẹ́jẹ́ tí a ń pè ní ìfọkànsí ẹ̀kọ́ yìí lè jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ ẹran tí ọdẹ ti yọ́ sún mọ́. Iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí òbí àti gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n ni kí a dá ohùn padà fún ẹ̀kọ́ nínú ilé.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì di ìtàn

Ẹnìkan lè sọ pé kòrónà ti lọ, àwọn ọmọ ti padà sí kíláàsì. Òótọ́ ni. Àjọ UNESCO ṣírò rẹ̀ pé nígbà tí ìtìpa ilé-ìwé gbilẹ̀ jù lọ ní ọdún 2020, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kàn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 1.6, ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 190. Ní ilẹ̀ wa, àwọn tí wọ́n wà ní kíláàsì àṣekágbá dúró títí di ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ kí ìdánwò WAEC wọn tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ti kọjá, ṣùgbọ́n fóònù tí ó wọlé nígbà náà kò jáde mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni ó ṣì ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá ránṣẹ́ lórí WhatsApp títí di òní. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti sọ ìdánwò UTME di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá, nítorí náà orí fóònù ni àwọn ọmọ wa ń ti múra sílẹ̀ fún un. Ẹ̀kọ́ ilé ti di apá kan ẹ̀kọ́ ilé-ìwé.

Ohun kan tún wà tí ó kan àwa tí ọwọ́ wa kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́nu. Ní ọdún 2020 kan náà, UNICEF àti ITU, tí í ṣe àjọ àgbáyé lórí ètò ìbánisọ̀rọ̀, gbé ìròyìn jáde pé nínú àwọn ọmọ tí wọ́n wà láàárín ọdún 3 sí ọdún 17 ní àgbáyé, ìdá méjì nínú mẹ́ta, èyí tí í ṣe bílíọ̀nù 1.3, ni kò ní íńtánẹ́ẹ̀tì nílé. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tiwa, fóònù kan ṣoṣo ni ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ń pín lò, fóònù baba tàbí ti ìyá náà sì ni. Nínú fóònù yẹn ni owó báńkì wà, àwòrán àlejò, àti ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Nígbà tí a bá nà án sí ọmọ kí ó fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, gbogbo ilé ni a nà sí i.

Àwáwí mẹ́rin

Mo ti bá ọ̀pọ̀ òbí sọ ọ̀rọ̀ yìí, àwáwí tí mo ń gbọ́ kò sì ju mẹ́rin lọ.

Èkínní ni: “Èmi kò mọ ìwé.” Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe. Ní ọdún 1970, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára wọn. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ wọ̀nyí wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún òbí ni pé èdè tí ó wà lẹ́nu rẹ tó láti fi ran ọmọ rẹ lọ́wọ́. Sọ fún un pé, “Ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ yín fún mi ní Yorùbá.” Ọmọ tí ó bá lè ṣàlàyé ìdá mẹ́rin fún ìyá rẹ̀ tí ń fi kóńgò wọn gàrí ti mọ̀ ọ́n. Èyí tí ó bá ń kólòlò kò tíì mọ̀ ọ́n, ìbáà jẹ́ pé ó ti kọ èsì tí ó tọ̀nà sínú ìwé.

Èkejì ni: “N kò ní àyè.” Mo gbà pé ọjà le, mo sì gbà pé ọ̀nà jìn. Ṣùgbọ́n n kò ní kí ẹnikẹ́ni jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àkókò tí ó wà láàárín Màgàríbì àti Ìṣáì tó fún ilé tí ó bá pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù lè mú ọmọ dání, kí ó fún un ní àpótí kan jókòó lé. Bí baba kò bá sí nílé, ẹ̀gbọ́n ń kọ́? Ìyá àgbà ń kọ́? Ìjókòó yìí kò béèrè ìwé-ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹta ni: “Ọmọ náà mọ fóònù jù mí lọ.” Àwọn àgbà ti dá èyí lóhùn tipẹ́, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ọmọ mọ fóònù, ṣùgbọ́n kò mọ ènìyàn. Ó mọ ibi tí a ń tẹ̀ kí àwòrán ó lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ìdí tí àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí fi ń tọrọ àwòrán rẹ̀. Òun ni yóò mú ìmọ̀ ẹ̀rọ wá sórí àga, ìwọ ni yóò mú ìmọ̀ ènìyàn wá.

Ẹ̀kẹrin ni ti àwọn tí wọ́n sọ pé kí a gba fóònù pátápátá. Mo bọ̀wọ̀ fún ìbẹ̀rù wọn, nítorí mo ti wà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ìhàlẹ̀ tí mo fi ọ̀rọ̀ gbígba fóònù ṣe gan-an ni ó pa ọmọ mi lẹ́nu mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ tí a kọ̀ fún nílé yóò wá ti aládùúgbò lò, níbi tí ojú wa kò tó. Kí òbí ṣòfin, ó dára: Facebook, Instagram àti TikTok fúnra wọn sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ní ojú ìwé lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kí òfin náà jẹ́ èyí tí ọmọ mọ ìdí rẹ̀, kí ó má sì ṣe jẹ́ èyí tí yóò mú kí ó máa sá fún wa nígbà tí ewu bá dé.

Lórí iṣẹ́ ilé-ìwé

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ní ibì kan pàtó tí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́, kí ibẹ̀ sì jẹ́ gbangba: pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdáná. Kí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tí kò nílò fóònù, kí ó tó ṣe èyí tí ó nílò rẹ̀. Kí ó sọ ohun tí ó fẹ́ wá kí ó tó ṣí i, kí ó sì dá a padà nígbà tí ó bá rí i. Lálẹ́, kí fóònù sùn sí yàrá àgbà, nítorí ọmọ tí kò sùn kò lè gba ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì, òru sì ni àwọn ọ̀bàyéjẹ́ fẹ́ràn jù.

Ẹ má ṣe bá ọmọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ó bá ṣì í, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ rí àṣìṣe rẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí yóò ti kọ́ ọ. Èyí kan àwọn ẹ̀rọ tí ń dá ènìyàn lóhùn náà, irú ChatGPT tí ó jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ẹ̀rọ wọ̀nyí lè kọ àròkọ fún ọmọ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n sì lè fi ìgboyà sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Àwọn tí wọ́n ṣe ChatGPT sọ pé kò wà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13, àti pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 gbọ́dọ̀ gba àṣẹ òbí. Báwo ni òbí tí kò kàwé yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó kọ ọ́? Kí ó pa ìwé náà dé, kí ó ní, “Sọ ohun tí o kọ fún mi.” Ẹni tí ó kọ ọ́ yóò sọ ọ́. Ẹni tí ó jí i yóò máa wojú. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdánwò nìkan, ọ̀rọ̀ òdodo ni. Ọmọ tí a bá jẹ́ kí ó máa fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe tirẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá, irú òṣìṣẹ́ wo ni yóò dà ní ọgbọ̀n ọdún?

Lórí ààbò

Ẹ fi nǹkan mẹ́rin kọ́ ọmọ, kí ó mọ̀ wọ́n lórí bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi àwòrán ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí òbí kò mọ̀, pàápàá èyí tí ó wọ aṣọ ilé-ìwé, nítorí báàjì àyà aṣọ yóò sọ ibi tí a ti lè rí i. Kò gbọdọ̀ sọ àdúgbò, ilé-ìwé tàbí àkókò tí òbí kì í sí nílé. Kò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́, tàbí èyí tí báńkì fi ránṣẹ́, nítorí ẹni tí ó bá gbà á lè fi gba fóònù tàbí owó. Ẹ̀kẹrin ni ó sì ṣe pàtàkì jù: ẹnikẹ́ni tí ó bá ní “má sọ fún ìyá rẹ” ni kí ó kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀.

Lára fóònù náà, iṣẹ́ wà tí kò gba ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Gbogbo ẹni tí ó bá wà nínú gúrúùpù WhatsApp ni ó lè rí nọ́ńbà ẹnìkejì rẹ̀. Nítorí náà, kí nọ́ńbà tí yóò wà nínú gúrúùpù kíláàsì jẹ́ ti òbí, kí ó má jẹ́ ti ọmọ. Nínú ètò WhatsApp, a lè sọ pé kí ó jẹ́ àwọn tí a mọ̀ nìkan ni yóò máa rí àwòrán wa, tí wọn yóò sì lè fi wá sínú gúrúùpù, a sì lè pa ìpè àwọn tí a kò mọ̀ lẹ́nu. Google ní SafeSearch tí ń dí àwòrán ìṣekúṣe, ó sì ní Family Link tí òbí lè fi rí ohun tí ọmọ ń lò àti iye wákàtí tí ó fi ń lò ó. YouTube Kids wà fún àwọn tí ó kéré. Ìrànwọ́ ni gbogbo èyí, kò sì sí ìkankan nínú wọn tí ó lè gbọ́ ìgbà tí ohùn ọmọ bá dákẹ́.

Bí ibi bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má lu ọmọ, ẹ má sì bú u. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́. Ẹ má pa àwọn ọ̀rọ̀ náà rẹ́, nítorí ẹ̀rí ni wọ́n. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ dí i. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí àjọ NAPTIP. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, tí a tún ṣe ní ọdún 2024, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀rọ tan ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 fún ìbálòpọ̀, tàbí láti ní àwòrán ìṣekúṣe ọmọdé lọ́wọ́. Ìtìjú ni ó máa ń mú kí ẹbí bo irú ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bò mọ́lẹ̀ nílé tiwa yóò lọ sí ilé ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, iṣẹ́ yín nìyí

Ẹ̀yin tí ẹ wà láàárín ọdún mẹ́rìndínlógún sí ọgbọ̀n ni ẹ dúró sí àárín ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ mọ fóònù ju bàbá yín lọ, ẹ sì mọ ayé ju àbúrò yín lọ. Ta ni ó tún yẹ fún iṣẹ́ yìí? Síbẹ̀, ìgbà mélòó ni àbúrò yóò mú iṣẹ́ àṣetiléwá wá, tí ẹ̀gbọ́n yóò sọ pé kí ó má yọ òun lẹ́nu, nítorí pé òun náà wà lórí fóònù tirẹ̀?

Mo ní àbá kan. Ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìpàdé ọ̀sẹ̀, kí ọ̀dọ́ méjì tàbí mẹ́ta tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún wákàtí kan. Kí àwọn ìyá àti bàbá mú fóònù wọn wá, kí ẹ bá wọn tò ó pẹ̀lú sùúrù àti ọ̀wọ̀, kí ẹ má fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé wọn kò mọ̀ ọ́n. Kí àwọn ọmọdé mú ìwé wọn wá, kí wọ́n kà á sókè. Èyí kò ná wa ní kọ́bọ̀. Àwa Mùsùlùmí a máa pe ọmọ ní àmánà, ohun tí a fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́ tí a óò jíyìn rẹ̀. Ẹni tí a fi àmánà lé lọ́wọ́ kì í gbé e sí yàrá kan kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì lọ sùn.

Ọmọbìnrin mi ti dàgbà báyìí, ìdánwò UTME ni ó ń múra sílẹ̀ fún. Pálọ̀ ni ó ti ń kàwé. Ìyá mi ti padà sọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fi ìwà tí Màmá kọ́ ọ sílẹ̀: bí ó bá dé ibi tí ó le, yóò kà á sókè, ẹnìkan nínú ilé yóò sì béèrè pé, “Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?” Nígbà mìíràn, èmi ni. Nígbà mìíràn, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ ni.

Ní alẹ́ òní, kí ẹ tó tẹ́ ẹní sùn, ẹ wo inú ilé yín káàkiri. Bí ẹ bá rí ọmọ kan tí ó ń dá wo fóònù ní kọ̀rọ̀, ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ fa àga sún mọ́ ọn, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó kà á sókè kí ẹ̀yin náà gbọ́. Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, kí Ó má sì jẹ́ kí àmánà Rẹ̀ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Àmín.